Sípíríǹgì tọ́rọ́tù máṣíìnì: ohun tí àwọn ọlọ́kadà Ìlọrin àti Gúúsù Kwara máa ń béèrè

Láti Geri Alimi dé Tanke, láti Ọ̀ffà dé Òmù-Àrán, ẹjọ́ kan náà ni mẹkáníìkì máṣíìnì máa ń gbọ́ nípa tọ́rọ́tù, ìyẹn ọwọ́ hándù tí a ń yí kí máṣíìnì lè sáré: "Ọ̀gá, tọ́rọ́tù mi ti le jù, ẹ bá mi dín agbára sípíríǹgì rẹ̀ kù." Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípíríǹgì yẹn, kó mọ̀ pé òun kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Máṣíìnì kékeré tó ń lo kàbúrétọ̀, irú Bajaj, TVS, Jincheng àti Honda tí a ń rí káàkiri, ni ìdáhùn wọ̀nyí dá lé. Tí tiyín bá yàtọ̀, a ó dé ibẹ̀ nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ wo gan-an ni sípíríǹgì yìí ń ṣe?

Tí ẹ bá yí tọ́rọ́tù, kébù, ìyẹn wáyà inú páìpù tó so ọwọ́ mọ́ kàbúrétọ̀, á fa písítìnì kékeré inú kàbúrétọ̀ sókè, afẹ́fẹ́ àti epo á sì ráyè wọ ẹnjìnnì. Orí písítìnì yẹn ni sípíríǹgì jókòó lé, láàárín òun àti ìdérí kàbúrétọ̀. Bí ẹ ṣe ń yí ọwọ́ ni ẹ ń fún un pọ̀. Tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì ló ń ti písítìnì padà sísàlẹ̀ tí máṣíìnì fi ń padà sí sílóò, ìyẹn bí ẹnjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ nígbà tí a kò yí tọ́rọ́tù.

Kébù kò lè ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, lórí máṣíìnì tó ní kébù kan ṣoṣo, kò sí ohun mìíràn tó ń pa ẹnu ọ̀nà epo yẹn dé àfi sípíríǹgì. Ẹni tí ọmọdé sáré kọjá níwájú rẹ̀ ní Ọjà Ọba, tó jọ̀wọ́ tọ́rọ́tù kó tó ronú kan bíréékì, sípíríǹgì ló kọ́kọ́ gbà á. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 123, pé tọ́rọ́tù máṣíìnì gbọ́dọ̀ dá padà sí sílóò fúnra rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá mú ọwọ́ kúrò.

Ṣé súkúrù kan wà tí mo lè yí kí sípíríǹgì rọ̀ tàbí kó le?

Lórí ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí a ń gùn níbí, kò sí. Ohun tó ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni àwọn súkúrù tó wà lára kàbúrétọ̀. Ọ̀kan wà fún sílóò, ọ̀kan wà fún afẹ́fẹ́. Nọ́ọ̀tì tó wà lórí kébù, lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tàbí nísàlẹ̀ lórí ìdérí kàbúrétọ̀, wà fún àyè kébù, ìyẹn ìwọ̀n tí ọwọ́ fi ń yí lófìfo kí kébù tó fa nǹkan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun "tún sípíríǹgì ṣe" láìtú ìdérí kàbúrétọ̀, ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ló yí.

Àwọn tó ń ṣe jẹnẹrétọ̀ náà wà nínú àwọn tó ń dá ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀. Lára jẹnẹrétọ̀ kékeré, ihò mélòó kan máa ń wà tí wọ́n lè fi ìkọ́ sípíríǹgì há kí iná lè lọ sókè tàbí sódò. Ẹ̀kọ́ yẹn kò bá máṣíìnì mu rárá.

Àwọn máṣíìnì àtijọ́ kan ní súkúrù kékeré lábẹ́ ilé tọ́rọ́tù tó ń há ọwọ́ náà kó má baà tètè padà. Bí tiyín bá ní i, ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá. Kò wúlò nínú ìlú.

Kí ló wá dé tí tọ́rọ́tù mi fi wúwo?

Ẹ jẹ́ ká mú un láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ pa ẹnjìnnì, ẹ yọ ẹnu kébù kúrò lára tọ́rọ́tù, kí ẹ wá yí ọwọ́ náà lófìfo. Ó yẹ kó máa yí fàlàlà. Bí ó bá ṣì ń wúwo, kébù àti sípíríǹgì ti mórí bọ́ nínú ẹ̀sùn nìyẹn. Inú ọwọ́ tọ́rọ́tù ni àrùn wà. Rọ́bà ọwọ́ tuntun tí wọ́n rà ní òpópónà Táíwò, Ìlọrin, lè gùn jù, kí etí rẹ̀ máa gbo ilé súìṣì tàbí irin tó wà ní ìparí hándù. Ẹ gé e kí àyè díẹ̀ wà níbẹ̀. Ike tó wà lábẹ́ rọ́bà náà lè ti jẹ, tàbí kí eruku ti wọ àárín òun àti hándù kó di ẹrẹ̀ níbẹ̀. Hándù tó tẹ̀ nígbà tí máṣíìnì ṣubú náà máa ń há ike yìí, ojú sì lè má tètè rí i.

Bí ọwọ́ bá yí dáadáa lófìfo, ẹ fa ẹnu kébù fúnra rẹ̀. Ẹ fiyè sí bó ṣe rí ní ọwọ́: bó bá ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń fa nǹkan lórí yanrìn, gbígbẹ tàbí eruku ni. Ọyẹ́ ìlú wa kì í fi nǹkan kankan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eruku pupa ọ̀nà oko. Àwọn tó ń fọ máṣíìnì pẹ̀lú omi alágbára náà ń ti iyanrìn wọnú kébù. Bó bá ń dúró tó tún ń já, wáyà inú rẹ̀ ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan; ẹ wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ẹ ó rí irun wáyà tó yọ síta. Kébù bẹ́ẹ̀ kò ní àtúnṣe. Ọjọ́ kan ni irun wáyà yẹn yóò há sínú páìpù rẹ̀ nígbà tí tọ́rọ́tù ṣí sílẹ̀, ọjọ́ yẹn ni a kì í fẹ́ rí.

Ohun kẹta ni ọ̀nà tí kébù gbà. Ẹni tó pààrọ̀ hándù sí èyí tó ga tí kò pààrọ̀ kébù, kébù náà á nà tán. Ẹni tó so àpò iṣu mọ́ iwájú táńkì láti oko wá sí Òmù-Àrán, ẹrù ti tẹ kébù mọ́ irin. Níbi tí kébù bá ti ká bí ìgbọ̀nwọ́, ibẹ̀ ni wáyà ń fi ara gbo, bí okùn kànga ṣe ń jẹ etí igi. Ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó rìn ní ìká gbọọrọ láti hándù lọ sábẹ́ táńkì.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá dára tán ni a tó ń ṣí kàbúrétọ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ìdọ̀tí lára písítìnì la sábà ń rí. Àṣírí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kò mọ̀: bí wọ́n bá fi súpánà fún nọ́ọ̀tì méjèèjì tó di kàbúrétọ̀ mọ́ ẹnjìnnì jù, ara kàbúrétọ̀ lè tẹ̀ díẹ̀, písítìnì á sì máa há nínú rẹ̀. Ẹ lè ra sípíríǹgì mẹ́ta, kò ní yí padà.

Báwo ni mo ṣe lè fi ọ́ìlì sínú kébù láìní irinṣẹ́ kankan?

Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tó mọ́ tó sì gbẹ ti tó. Ẹ yọ kébù lókè, ẹ gé igun náílọ́ọ̀nù kékeré, ẹ ti ẹnu kébù wọ ibẹ̀, ẹ fi rọ́bà dì í le. Ẹ rọ ọ́ìlì tó ṣàn sínú náílọ́ọ̀nù náà, ẹ gbé e kọ́ sókè kí ọ́ìlì máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ máa fa wáyà lọ fà á bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá jáde nísàlẹ̀ láìdúdú mọ́, ó ti tó. Ẹ gbé nǹkan sábẹ́ ẹnu ìsàlẹ̀ kó má baà wọnú kàbúrétọ̀.

Gírísì kọ́ o. Eruku máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń dì ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Àwọn kébù tuntun kan wà tí wọ́n fi ike tẹ́ inú wọn, tí ìwé wọn sì sọ pé kí a má fi ọ́ìlì sí i. Ẹ gbọ́ ti ìwé.

Báwo ni mo ṣe ń ṣètò àyè kébù láìséwu?

Ẹ gbé máṣíìnì sórí ìdúró àárín, níta gbangba, nígbà tí ẹnjìnnì ti tutù. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìwé máṣíìnì máa ń kọ ni mìlímítà 2 sí 6, tí a wọ̀n ní etí ọwọ́ tọ́rọ́tù: ìwọ̀n tí ọwọ́ fi ń yí lófìfo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa písítìnì.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdè díẹ̀, kí ẹ wá yí páìpù kékeré orí kébù. Bí ẹ bá ń tú u síta, kébù ń le, àyè ń kéré. Bí ẹ bá ń yí i wọlé, ó ń dẹ̀. Ti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí èyí kò bá tó, ẹ lọ sí ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dè é padà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé nọ́ọ̀tì ìdè, tí ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà á sì yí i padà fúnra rẹ̀.

Àyẹ̀wò méjì ló kù, kò sì sí èyí tí a lè fò. Àkọ́kọ́, ẹnjìnnì ní pípa: ẹ ṣí tọ́rọ́tù tán kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ó gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú ìró, "kà!", láìdúró lọ́nà. Ẹ ṣe é nígbà tí hándù kọjú síwájú, nígbà tó yí sósì tán, àti nígbà tó yí sọ́tùn-ún tán. Èkejì, ẹ tan ẹnjìnnì, gíà ní néwútù, kí ẹ yí hándù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bí ìró ẹnjìnnì bá gòkè níbi kankan, kébù ti le jù tàbí kò gba ọ̀nà tó yẹ. Ẹ má gùn ún títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹni tó ń yí kọ́nà ní Post Office pẹ̀lú máṣíìnì tó ń fúnra rẹ̀ sáré nínú kọ́nà, ẹ lè fojú inú wo ibi tó máa já sí.

Wọ́n ní kí n gé òrùka méjì kúrò lára sípíríǹgì kó lè rọ̀. Ṣé ó dára?

Kò dára, kò sì rọ̀ bí wọ́n ṣe rò. Bí òrùka bá kéré, òrùka tó kù ń le sí i fún gbogbo ìwọ̀n tí a bá fún wọn pọ̀. Ohun tó ń sọnù ni agbára tí sípíríǹgì fi ń tẹ písítìnì mọ́lẹ̀ nígbà tí tọ́rọ́tù bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padé. Ibẹ̀ gan-an la sì ti nílò rẹ̀ jù. Ọwọ́ á rọ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, inú awakọ̀ á dùn, títí ìdọ̀tí kékeré kan á fi dá písítìnì dúró ní ìdajì ọ̀nà tí sípíríǹgì kò ní lágbára láti tì í.

Èmi ní tèmi, ó ń pẹ́ kó tó padà. Ṣé kí n na sípíríǹgì náà gùn, tàbí kí n fi ìkejì kún un?

Sípíríǹgì tí a fi ọwọ́ nà máa ń gbọ́ràn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún rọlẹ̀. Nínà tí kò dọ́gba sì ń jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa gbo ara kàbúrétọ̀. Ní ti ìkejì, mo ti rí i pé wọ́n máa ń so sípíríǹgì gígùn kan mọ́ kébù níta. Ó ń fa wáyà já kíákíá, ó sì lè kọ́ mọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ wá ohun tó ń dá a dúró. Bí kébù bá mọ́, tí písítìnì mọ́, tí ọwọ́ yí fàlàlà, tó sì ṣì ń lọ́ra, a jẹ́ pé sípíríǹgì ti rẹ̀ tàbí ó ti dípẹtà nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ṣí kàbúrétọ̀ fúnra mi. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, ó kàn ń réèsì bí ẹni máa fò!

Ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé písítìnì ni ẹ fi sódì.

Ní ara písítìnì náà, ojú ọ̀nà gbọọrọ kan wà tó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìṣó kékeré tó wà nínú kàbúrétọ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n gé dagun gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ìyẹn apá ibi tí fílítà wà. Bó bá wọlé bó ṣe yẹ, ó ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ara rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ tí ó kan ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ń fi agbára tì í, ó wà ní òdì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ibí yìí gan-an ni wọ́n pa òwe náà fún.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣí i: ẹ ti kọ́kì epo, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá tàbí tan iná nítòsí, kí ẹnjìnnì tutù. Ẹ nu ìta kàbúrétọ̀ kí ẹ tó tú ìdérí, nítorí iyanrìn kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lè há písítìnì. Ẹ fa písítìnì jáde gbọọrọ, kí abẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ má baà tẹ̀. Ẹ fi ìka fún sípíríǹgì sókè mọ́ ìdérí, ẹnu kébù á sì jáde láti inú ihò rẹ̀. Sípíríǹgì máa ń fò. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Epo díẹ̀ àti aṣọ tó mọ́ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má fi bébà ìyanrìn kan písítìnì. Kí ẹ tó tan ẹnjìnnì, ẹ yí tọ́rọ́tù kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: "kà!" Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ má tàn án.

Tọ́rọ́tù padà dáadáa, síbẹ̀ máṣíìnì ń sáré ní sílóò. Ṣé sípíríǹgì ni?

Rárá. Sípíríǹgì ti ṣe tirẹ̀. Ẹ wo bóyá ẹnìkan ti yí súkúrù sílóò wọlé jù, bóyá kébù kò ní àyè, tàbí bóyá rọ́bà tó wà láàárín kàbúrétọ̀ àti ẹnjìnnì ti sán tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn kan máa ń fọ́n bẹntiróò sí rọ́bà yẹn láti mọ̀ ibi tó ń jò, lórí ẹnjìnnì tó ń ṣiṣẹ́! Ojú lásán tó láti rí ibi tó sán. Ọ̀pọ̀ ẹnjìnnì 100 sí 125 cc máa ń wà ní nǹkan bí ìyípo 1,400 ní ìṣẹ́jú kan ní sílóò. Nítorí aago rẹ̀ kò sí lára púpọ̀ nínú wọn, etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Tèmi ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ ìdérí kàbúrétọ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì rọ̀ púpọ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Oríṣi mìíràn nìyẹn. Lára rẹ̀, kébù kì í fa písítìnì. Awo pẹlẹbẹ kan ni kébù ń yí, sípíríǹgì tó ń pa á dé sì wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìta. Afẹ́fẹ́ ẹnjìnnì ló ń gbé písítìnì inú sókè, sípíríǹgì rírọ̀ yẹn sì ń dá a dúró ní ìwọ̀n. Bí ẹ bá gé e tàbí nà án, bí máṣíìnì ṣe ń gba epo ni ẹ bàjẹ́. Líle ọwọ́ kò ní yí padà rárá. Èyí tó wà níta ni ti tọ́rọ́tù, ẹ má tú u kúrò ní ìkọ́ rẹ̀. Máṣíìnì tuntun tí kò ní kàbúrétọ̀ náà ní irú awo bẹ́ẹ̀. Òun ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí tọ́rọ́tù bá há nígbà tí mo wà lórí eré ńkọ́?

Ẹ fún kílọ́ọ̀ṣì mọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹnjìnnì á pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo. Agbára rẹ̀ kò dé táyà mọ́. Ẹ tẹ súìṣì pípa ẹnjìnnì. Bí kò bá sí, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ pa á, ṣùgbọ́n ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tó ti máa ń ti hándù pa. Ẹ fi bíréékì méjèèjì dín eré kù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Máṣíìnì tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́, kọ́kọ́rọ́ tàbí súìṣì ni ohun àkọ́kọ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bá tọ́rọ́tù jà lórí eré. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ apá Òbò-Ayégúnlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ fi ń yí i síwá sẹ́yìn lè ti gbé yín kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ lè fi ìdánwò yìí kọ́ ọwọ́ yín ní pápá tó ṣófo: kílọ́ọ̀ṣì, súìṣì, bíréékì, kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n kí orí tó rò ó.

Ṣé mo lè fi rọ́bà so tọ́rọ́tù kí ọwọ́ mi sinmi láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́-Ìpo?

Rárá. Ẹ dúró mu omi.

Alájì, bàbá wa, ọwọ́ ń dùn wọ́n. Kí la lè ṣe fún wọn?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ kébù tuntun tó ní ọ́ìlì nínú, tó sì gba ọ̀nà gbọọrọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, rọ́bà ọwọ́ tó nípọn díẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n dì í mú láìfún un pọ̀ jù. Ẹ wo hándù pẹ̀lú: bó bá dà sísàlẹ̀ jù, ọrùn ọwọ́ wọn ti tẹ̀ kí wọ́n tó yí tọ́rọ́tù rárá. Ẹ yí i sókè díẹ̀, kí ẹ sì tún wo àyè kébù lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọn kò bá lè ṣí tọ́rọ́tù tó wà ní pípé lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa gbé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Máṣíìnì mi jẹ́ irú tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo (two-stroke). Ṣé ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀?

Bó bá ní pọ́ǹpù ọ́ìlì tó ń ṣiṣẹ́, ó yàtọ̀. Kébù tọ́rọ́tù á pín sí méjì, ọ̀kan á lọ sí kàbúrétọ̀, èkejì á lọ sí pọ́ǹpù. Bí ẹ bá yí ti kàbúrétọ̀ nìkan, wọn kò ní ṣí pọ̀ mọ́, ọ́ìlì lè má tó, písítìnì ẹnjìnnì á sì gan. Àmì wà lára pọ́ǹpù tó gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Ìwé máṣíìnì ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pàdé. Bí wọ́n bá ti yọ pọ́ǹpù kúrò, tí ẹ ń po ọ́ìlì sínú táńkì, gbogbo ohun tí a ti sọ lókè kàn yín láìyàtọ̀.

Ìgbà wo ni mo ń pààrọ̀ sípíríǹgì, irú wo ni kí n sì rà?

Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá dípẹtà, bó bá tẹ̀, bí òrùka rẹ̀ kan bá sún mọ́ra ju àwọn yòókù lọ, tàbí bó bá kúrú ju tuntun lọ nígbà tí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá ra máṣíìnì àlòkù tí ẹ kò mọ ẹni tó ti tún un ṣe, ẹ ṣí i wò; ẹnu sípíríǹgì tí wọ́n gé máa ń mú, ti ilé iṣẹ́ máa ń tẹ́jú.

Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ má júwe rẹ̀ lẹ́nu. Gígùn, iye òrùka, nínípọn wáyà àti fífẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi wé ara wọn. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ èyí tí wọ́n gé, ẹ sọ orúkọ máṣíìnì àti irú kàbúrétọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń tà á pọ̀ mọ́ písítìnì àti abẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó so abẹ́rẹ́ tuntun, ẹ wo ihò tí kílíìpù ti àtijọ́ wà lára abẹ́rẹ́, kí ẹ fi ti tuntun sí ihò kan náà.